Àkùkọ onílé, àkùkọ àlejò

Ẹni tó bá ra àkùkọ ọdún wọ agboolé kan ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀, mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó tú okùn lẹ́sẹ̀ ẹyẹ náà. Àkùkọ onílé ti rí i. Á na apá kan wálẹ̀, á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn yí àlejò ká, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á dìde, kí ojú tó ṣẹ́ wọ́n ti fò mọ́ ara wọn. Àwọn ọmọdé á pariwo. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n tètè wá apẹ̀rẹ̀ dé àlejò mọ́lẹ̀, kó má baà kú kí ọdún tó pé. Àgbàdo kọ́ ni wọ́n ń jà sí. Ilé onílé tí àlejò wọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Irú ìjà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń lò láti wádìí ibi tí ìjà ti ń wá nínú ara. Èkúté ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fi akọ kan sínú àgò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì ní pààrọ̀ ohun tí wọ́n tẹ́ fún un, kí òórùn ìtọ̀ rẹ̀ lè kún ibẹ̀, kó mọ̀ pé ilé òun ni. Wọ́n á wá gbé akọ mìíràn tí kò mọ̀ rí, tó sábà máa ń kéré sí i lára, wọlé tọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó jókòó tì wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀: ó pẹ́ tó kí onílé tó kọlu àlejò, ẹ̀ẹ̀melòó ló bù ú jẹ, ibo lára ló ti bù ú. Imú ló ń dá ìjà náà sílẹ̀ ju ojú lọ. Akọ tí a bí láìní agbára àtigbóòórùn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọlu àlejò.

Adìyẹ náà ní ìpín nínú ìtàn yìí, ìpín ńlá sì ni. Ní 1849, ní Göttingen, Jámánì, Arnold Berthold mú ọ̀dọ́ àkùkọ 6, ó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ẹpọ̀n. Àwọn tó yọ tiwọn pátápátá kò kọ bí àkùkọ, ogbe wọn ò dàgbà, wọn ò sì jà. Àwọn tó gbin ẹpọ̀n kan padà sí nínú ikùn ń kọ, wọ́n sì ń jà, kódà bó jẹ́ ti àkùkọ mìíràn ló gbìn síbẹ̀. Nígbà tó la inú wọn, ó rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ti hù dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, nígbà náà, ló ń gbé nǹkan kan kiri ara. Àwa tí à ń tẹ òbúkọ lọ́dàá ti mọ̀ tipẹ́ pé ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Berthold ló tọ ipasẹ̀ ọ̀nà tó ń gbà. Testosterone ni wọ́n ń pe nǹkan náà lónìí.

Ọpọlọ wá ńkọ́? Walter Hess, ní Switzerland, ti wáyà tín-ín-rín bọ ìsàlẹ̀ ọpọlọ ológbò, níbi tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, ó sì rán iná mànàmáná díẹ̀ síbẹ̀. Ológbò tó ń sinmi jẹ́jẹ́ á ká ẹ̀yìn, irun rẹ̀ á dìde, á sì fi èékánná gba ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Hess gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1949. Ní 2011, Dayu Lin, David Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California tan ìmọ́lẹ̀ sí ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì ní agbègbè yẹn lọ́pọlọ akọ èkúté. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tàn, akọ náà kọlu abo. Ó tilẹ̀ kọlu ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, torí ìbọ̀wọ́ kì í ṣe àlejò.

Iṣẹ́ ń lọ nílé níbí náà. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ pẹ̀tù sí wèrè tó ń jà tipẹ́tipẹ́ kí dókítà Raymond Prince tó kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Reserpine wà nínú gbòǹgbò náà, èyí tó ń dín serotonin àti àwọn èròjà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jíṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì kù lọ́pọlọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Solomon Umukoro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2012 pé methyl jasmonate, èròjà kan tí ewéko máa ń pèsè, dín ìjà àwọn èkúté kù.

Síbẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé èkúté wá ṣàlàyé ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, èyí tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ àti ibi tí olú-iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máa wà ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn tí baba ti ń sọ fún ọmọ láti ọ̀rúndún 19. Àwọn tó jà mọ orúkọ ara wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ àna ara wọn. Hypothalamus lè jẹ́ ká mọ bí àyà ṣe ń já àti bí ọwọ́ ṣe ń gbéra, kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ ilé aládùúgbò ni ọwọ́ náà dáná sun. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní àwọn ọdún 1960, ní Japan, dókítà Keiji Sano ba apá kan hypothalamus jẹ́ lórí àwọn aláìsàn oníjà, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn, kí ara wọn lè rọlẹ̀. Ara àwọn kan rọlẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn pé ọ̀pọ̀ dókítà ti pa ọ̀nà yẹn tì.