Ẹsẹ̀ Tí Kò Dunni Ni Ká Bẹ̀rù: Bí Egbò Kékeré Ṣe Ń Gba Ẹsẹ̀ Lára Alátọ̀gbẹ

Ní Arákalẹ̀, ní àárín gbùngbùn Àkúrẹ́, orí ẹsẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Ìyálọ́jà ń dúró ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, alábàárù ń gbẹ́rù wọ Ọjà Ọba, ọlọ́kadà ń fi ẹsẹ̀ pa jíà. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ìṣó bá gún ọ̀kan nínú wọn, yóò kígbe, yóò jókòó, yóò yọ ọ́, yóò sì wá nǹkan fi sí i. Ìrora yẹn ló yọ ọ́. Àmọ́ àwọn kan wà láàárín wọn tí ìṣó lè wọ̀ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, tí wọn yóò máa tẹ̀ ẹ́ kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn. Bí ọmọ wọn bá rí egbò náà nígbà tó yá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Kò kúkú dùn mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà wá. Nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ nípa ìtọ́jú ẹsẹ̀ ti kọ́ aráyé láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún wá, kò sí èyí tó ṣe pàtàkì tó èyí: ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí kò dunni ló yẹ kéèyàn tètè gbé lọ sí ilé-ìwòsàn.

Kí ni àtọ̀gbẹ ń fi ẹsẹ̀ ṣe?

Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́. Èyí tó gùn jù lọ nínú wọn ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn àwọn tó ti ẹ̀yìn wá títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí ìka, tí yóò sì máa gòkè bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn kan á máa ta wọ́n, á máa jó wọn lóru. Ti àwọn mìíràn á kàn kú ni. Sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn lójú ọ̀nà, wọn kò ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá wolẹ̀.

Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ làágùn náà ń bàjẹ́. Nítorí náà, awọ á gbẹ, gìgísẹ̀ á là, kòkòrò àìsàn á sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Àwọn iṣan tó ń mú kí ìka ẹsẹ̀ dúró gbọọrọ á rọ, ìka á ká kò, gbogbo ìwúwo ara á wá bọ́ sórí ibi kékeré kan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ á le, á sì nípọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé awọ líle yẹn ń dáàbò bo ẹsẹ̀ ni. Rárá o. Bó ṣe ń le sí i ló ń tẹ ẹran abẹ́ rẹ̀ mọ́ eegun, títí egbò á fi ṣí síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ máa ń mú kí àwọn òpójẹ̀ tó lọ sí ẹsẹ̀ dín. Egbò tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í jinná, oògùn tí èèyàn sì gbé mì kò lè débi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Bí kòkòrò bá bá egbò náà dé eegun, ọ̀rọ̀ lè di ti ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ mú ni aráyé ti rí ìmọ̀ nípa ẹsẹ̀ tí kò dunni yìí. Ní Vellore, ní ilẹ̀ Íńdíà, oníṣẹ́-abẹ kan tó ń jẹ́ Paul Brand bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1946. Nígbà náà, gbogbo èèyàn gbà pé àrùn ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka àti ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Brand ṣàkíyèsí pé ẹran ara àwọn aláìsàn náà lè jinná bíi ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni pé wọn kì í mọ ìrora mọ́: wọ́n ń fọwọ́ gbé ìkòkò gbígbóná, wọ́n sì ń rìn lórí egbò láìtiro. Nígbà tó kó lọ sí Carville ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìmọ̀ yìí fún ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ pẹ̀lú. Wọ́n ń de ẹsẹ̀ ní POP tó lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́, kí ìwúwo ara lè pín káàkiri, kí egbò lè ráyè jinná. Títí di òní, ọ̀kan nínú ìtọ́jú tó dára jù lọ fún egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ni.

Kí ni ìwádìí rí ní Nàìjíríà?

Láàárín oṣù Kẹta 2016 sí oṣù Kẹrin 2017, àwọn dókítà kó àkọsílẹ̀ alátọ̀gbẹ 336 tí wọ́n dá dúró nítorí egbò ẹsẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà. MEDFUN ni wọ́n pe ìwádìí náà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Ó ju ìdá mẹ́ta lọ, ìyẹn ìdá 35.4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn tàbí apá kan rẹ̀. Ìdá 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú: ẹnì kan nínú márùn-ún. Ìdajì àwọn aláìsàn náà lo tó ọjọ́ 52 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ibùsùn. Ẹni tó bá mọ bí owó ilé-ìwòsàn ṣe ń ti àpò ẹbí jáde nílùú wa yóò mọ ohun tí ọjọ́ 52 lè sọ ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba dà.

Ohun tó yẹ ká dì mú jù nínú ìwádìí náà ni àwọn ohun tó ń sọ ẹni tí wọn yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni kí egbò ti ju oṣù kan lọ kí aláìsàn tó dé ilé-ìwòsàn. Lára àwọn yòókù ni kí òpójẹ̀ ti dín, kí ẹran ẹsẹ̀ ti máa kú, tàbí kí kòkòrò ti wọ eegun.

Gbogbo wa la mọ bí oṣù kan yẹn ṣe ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n á tú kápúsù Ampiclox, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á fi omi gbígbóná jó o, ẹsẹ̀ tí kò mọ gbígbóná á sì tún bó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ sí kẹ́mísì, wọ́n á lọ sílé àdúrà, wọ́n á wá àgúnmu kiri. Kì í ṣe pé ẹbí náà kò nífẹ̀ẹ́ èèyàn wọn. Ohun tí wọ́n rí ló tàn wọ́n jẹ: egbò kékeré tí kò dun ẹni tó ni ín.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwọn ẹsẹ̀ tí a ń gé yìí kò ṣẹ̀. Wọn kò rí ẹni wò wọ́n lásìkò ni.

Ta ló ń jẹ́ oníṣègùn ẹsẹ̀?

Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan wà tó dá dúró fún ìtọ́jú ẹsẹ̀. Podiatrist ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń kọ́ ọ. Ní Bìrìtìkó, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ tó ń jẹ́ HCPC ló ń fún un níwèé àṣẹ, kò sì sí ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní orúkọ yẹn láìní ìwé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fá awọ líle kúrò kó tó di egbò, láti gé èékánná tó ń wọ inú ẹran, láti wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ sí, láti fọ egbò mọ́, àti láti sọ irú bàtà tó yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní fọ́nrán ọ̀rá kékeré kan tó ń tẹ̀ kò bí ó bá ti kan àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára gíráàmù 10. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ewu.

Ní Nàìjíríà, irú àwọn oníṣẹ́ yìí kò wọ́pọ̀. Dókítà àtọ̀gbẹ, oníṣẹ́-abẹ, nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Ní ìgboro, ẹni tó sún mọ́ iṣẹ́ yẹn jù ni ará Òkè-Ọya tó ń mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ dún pọ́-pọ́-pọ́ kiri ojúlé láti gé èékánná, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń ha gìgísẹ̀ ní ìsọ̀ ológe. Wọ́n wúlò, owó wọn kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí kan náà ń ti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, abẹ sì lè bọ́ sí ara ẹni tí kò mọ ìrora láìfura. Alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tirẹ̀, kí ó sọ fún ẹni tó ń gé e pé òun ní ṣúgà, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé awọ líle fún òun.

Ṣé gígé ẹsẹ̀ ṣeé dènà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1981, dókítà Michael Edmonds àti podiatrist Ali Foster dá ilé ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ sílẹ̀ ní King's College Hospital ní Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ kò jìnnà rárá sí Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Wọ́n kó dókítà, podiatrist, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́-abẹ àti aránbàtà jọ sójú kan. Ní 1986, wọ́n gbé èsì ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde: iye ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé lọ́dún ti dín kù sí bí ìdajì. Lónìí, ìlànà ìlera ilẹ̀ náà ni pé kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ gbogbo alátọ̀gbẹ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n sì darí ẹni tó bá ní egbò tuntun sí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Lọ́ńdọ̀nù lówó, ká wo Tanzania. Ní Dar es Salaam, dókítà Zulfiqarali Abbas wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò Step by Step ní Tanzania àti Íńdíà. Wọn kò dúró de ìgbà tí àwọn podiatrist yóò pọ̀. Wọ́n mú dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan láti ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe ń fá awọ líle àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú egbò. Wọ́n fún wọn ní irinṣẹ́, wọ́n sì dá wọn padà sílé kí wọ́n lè kọ́ àwọn mìíràn. Abbas yìí náà ló ṣe àkọsílẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ tí eku ń jẹ lẹ́sẹ̀ lóru tí wọn kì í jí. Ìṣòro tiwa náà nìyẹn, ojútùú rẹ̀ sì lè jẹ́ tiwa.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò ní. UNIMED tó wà nílùú Oǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, jẹ́ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn nìkan. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́, níbi tí State Specialist Hospital àtijọ́ ti di apá kan rẹ̀. Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀. Bí irú ẹ̀kọ́ Tanzania bá bẹ̀rẹ̀ ní UNIMED, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti ilé ìlera alábọ́dé kọ̀ọ̀kan bá kọ́ ọ, ìyálọ́jà Arákalẹ̀ kò ní ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó tó ń rìn láàárín kùkùté ní abúlé Oǹdó náà yóò rí ẹni wò ó. Fọ́nrán gíráàmù 10 kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti oúnjẹ ilé tí bàbá kò lè wá mọ́. Ó yẹ kí ìjọba àti ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ fi yíyẹ ẹsẹ̀ wò kún ohun tí alátọ̀gbẹ ní ẹ̀tọ́ sí.

Kí lẹ lè ṣe nílé lónìí?

Àyẹ̀wò kan wà tí dókítà Gerry Rayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 láti Ipswich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìka ọwọ́ nìkan ló ń fẹ́. Kí bàbá tàbí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ bọ́ bàtà, kí wọ́n nasẹ̀, kí wọ́n sì di ojú. Kí ọmọ fi orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ìka àárín àti ọmọ ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má sì ta á. Kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Èyí tí wọn kò bá mọ̀, kó má ṣe tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé wọn kò mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ojoojúmọ́ ni kí alátọ̀gbẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, títí kan àárín ìka. Bí kò bá lè tẹ̀ ba, kó fi dígí wo abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ọmọ wò ó. Kó fi ọwọ́ tàbí ìgúnpá dán omi wò kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kó fi ìpara pa gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi sáàárín ìka. Kó má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti rọ̀. Bàtà ọ̀kírìkà tó ti gba ìrísí ẹsẹ̀ ẹlòmíì lè ha tirẹ̀. Kó tó wọ bàtà èyíkéyìí, kó fọwọ́ wá inú rẹ̀ bóyá òkúta tàbí ìṣó wà níbẹ̀.

Bí egbò bá sì yọ, bó ti wù kó kéré tó, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ìgbàkígbà tó bá sì lọ gba oògùn àtọ̀gbẹ, kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kí dókítà tó béèrè, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kó sì sọ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi.” Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.