Owó Ìjọba fún Aláàbọ̀ Ara: Ibi tó dé àti ibi tí kò dé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ilé púpọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà. Rọpárọsẹ̀ á mú ìyá kan, tàbí kí ojú rẹ̀ má ríran mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin á máa ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án gangan kí ó lè lọ wẹ̀ fún un, kí ó sì gbé e dé ilé ìgbẹ́. Bí oṣù mẹ́fà bá fi kọjá báyìí, ọjà ọmọ náà ti run. Àwọn kan wá gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìjọba ló ń sanwó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, tiwa ńkọ́?

Òótọ́ ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ lè ná tó £30,000 láti fẹ ẹnu ọ̀nà aláàbọ̀ ara tàbí láti tún ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ṣe. Àgbàlagbà tí kò lè dá wẹ̀ tún ní owó tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Attendance Allowance. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìyá tó fi físà àbẹ̀wò lọ kí ọmọ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ ta ìsọ̀.

Ní Èkó tiwa níbí, ọdún 2011 ni Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin yẹn ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, òun náà ló ní kí àpò owó kan wà fún wọn. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari ló fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ du aláàbọ̀ ara nítorí ara rẹ̀ lè san ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ó tún ní kí a máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn lórí ìlà. (Èyí kan àwa náà tí a ń tò lẹ́nu ẹ̀rọ omi.)

Ọ̀pọ̀ rò pé afọ́jú, adití àti arọ nìkan ni òfin ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìlera ara, ọpọlọ, ojú tàbí etí tó bá ti pẹ́ lára èèyàn, tí kò jẹ́ kó ṣe bí ẹgbẹ́, ó wà nínú ẹ̀. Ìyá tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ọwọ́ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó wà nínú ẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má pe ìyá àwọn ní aláàbọ̀ ara. Ìtìjú yẹn kò sì bá wọn wẹ̀ fún ìyá o.

Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní LASODA. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní ọ́fíìsì wẹ́ẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú tàbí ti Bàrígà. Ẹ mú fọ́tò, nọ́ńbà NIN àti ìwé dókítà dání kí wọ́n má baà dá yín padà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀yìn. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtìlẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bá dé láti pín, ẹni tí ìwé mọ̀ ni wọ́n ń pè. Àmọ́ kì í ṣe owó oṣù. Kò sí owó nínú rẹ̀ fún ọmọ tó ń wẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá ri irin mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ yín. Ẹ má jókòó dè é.

Inú ilé ìwẹ̀ gan-an ni ewu wà: ọṣẹ, omi, ilẹ̀ tó ń yọ̀, àti òkùnkùn nígbà tí kò bá sí iná. Àgbàlagbà tó bá ṣubú níbẹ̀, tí egungun ìbàdí ṣẹ́, owó ìtọ́jú rẹ̀ ju ti irin lọ fíìfíì. Ẹ ní kí wẹ́dà gé páìpù onírin, kí bírẹ́kìlà fi sìmẹ́ńtì rì í mọ́ ògiri. Kì í ṣe ìṣó lásán, yóò já. Kí ìyá fúnra rẹ̀ jókòó, kó na ọwọ́, ibi tí ọwọ́ bá dé ni kí ẹ ri í sí. Ẹ fi àga tó lẹ́sẹ̀ dáadáa sí ilé ìwẹ̀, ẹ tẹ́ máàtì onírọ́bà, kí tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ilé ìwẹ̀ kan fún ojúlé mẹ́wàá. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó lu ògiri. Bí ó bá kọ̀, kí kápẹ́ńtà gbẹ́ ihò sí àárín àga kan, kí ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Èyí nìkan ti dá ìrìn òru dúró.

Ẹ má gbàgbé ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì tó wà nítòsí wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá níbẹ̀, àwọn onífisiò wọn sì lè kọ́ ọmọ bí a ti ń gbé ìyá dìde láì ba ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́.

Lójú tèmi, ó yẹ kí àpò alájẹsẹ́kù wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó irin àti àga yìí láìsí èlé. A ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun lọ forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kó wá rí akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.