Ohun Tí Pọ́ọ̀lù Wí Nípa Àwọn Obìnrin

Nínú àwọn ìjọ tí ó wà ní Kirikiri, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ọ̀ràn kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Ní ilé ìsìn kan, obìnrin a dìde, a ka Ìwé Mímọ́, a sì wàásù. Ní òmíràn tí kò jìnnà sí i, obìnrin kò gbọdọ̀ súnmọ́ pẹpẹ. Bí a bá sì béèrè ìdí rẹ̀, ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ṣí, èyí ni àwọn Èpísítélì Pọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya ewé oṣù kan ṣoṣo kúrò nínú alimanáákì, tí ó sì fi í dáko títí ọdún fi yí po, kò lè wí pé alimanáákì ni ó tan òun jẹ.

Ẹsẹ tí a ń tọ́ka sí jùlọ wà ní Kọ́ríńtì Kìíní, orí 14, ẹsẹ 34, níbi tí Àpọ́sítélì gbé ní kí àwọn obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ. Kí olùkàwé fi ìka sí ibẹ̀, kí ó sì padà sí orí 11, ẹsẹ 5. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kan náà gbé sọ bí ó ti yẹ kí obìnrin bo orí nígbà tí ó bá ń gbàdúrà tàbí tí ó bá ń sọtẹ́lẹ̀. Ta ni í ṣe òfin ìbòrí fún ẹni tí kò gbọdọ̀ lanu? Nínú orí 14 pàápàá, obìnrin nìkan kọ́ ni a ní kí ó dákẹ́. Ẹni tí ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ níbi tí ògbufọ̀ kò sí, kí ó dákẹ́ (ẹsẹ 28). Wòlíì tí ń sọ̀rọ̀, bí a bá fi nǹkan hàn fún ẹlòmíràn tí ó jókòó, kí ó dákẹ́ (ẹsẹ 30). Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Gíríkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi ẹsẹ 30 pa wòlíì lẹ́nu mọ́ títí ayé. Ẹsẹ 35 sì fi hàn pé ìbéèrè àwọn tí ó ń fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà nínú ọ̀ràn náà. Ètò ìpéjọ ni Àpọ́sítélì ń tún ṣe.

Ti Tímótì Kìíní 2:12 le ju èyí lọ, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Níbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kò gbà kí obìnrin kọ́ni tàbí kí ó jọba lórí ọkùnrin, ó sì tọ́ka sí Ádámù tí a kọ́kọ́ dá. Orí ẹsẹ yìí ni àwọn tí kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà dúró lé. Aláìmòye kọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí àwọn náà ka Róòmù orí 16, níbi tí a gbé pe Fébè ní ìránṣẹ́ ìjọ Kẹnkíríà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gíríkì kan náà tí a ti mú orúkọ díákónì jáde, tí a sì dárúkọ Pírísílà ṣáájú Ákúílà ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mú Àpólò, ọkùnrin tí ó mọ Ìwé Mímọ́ gidigidi, tí wọ́n sì túbọ̀ la ọ̀nà Ọlọ́run yé e (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:26).

Ìlú Èkó fúnra rẹ̀ ti rí irú Pírísílà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Júùnù 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, lọ wo ìwọ́de àjọ̀dún Ara Kristi tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe. Lẹ́yìn èyí ó bọ́ sínú ìran, a sì pe Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, láti wá gbàdúrà fún un. Láti inú èyí ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti jáde ní ọdún náà, tí a sì fi Kérúbù kún un lẹ́yìn náà. Abíọ́dún ni ó ṣáájú àwọn ajíhìnrere lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Ní 1929 ẹgbẹ́ pín: apá kan tẹ̀lé Orímọ́ládé, apá kejì tẹ̀lé obìnrin yìí. Síbẹ̀, nínú púpọ̀ àwọn ìjọ tí ó ti inú ẹgbẹ́ náà jáde, obìnrin kì í wọ ibi mímọ́, ẹni tí ó wà nínú àkókò oṣù rẹ̀ kì í sì í wọ ilé àdúrà, nítorí Léfítíkù orí 15. Ó yẹ kí wọ́n ka Máàkù orí 5 mọ́ ọn, nípa obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ tí ó fi ọwọ́ kan aṣọ Jésù. Jésù kò lé e. Ọmọbìnrin ni Ó pè é.

Ìjọ Áńgílíkà náà kò bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní 1993 Bíṣọ́ọ̀bù Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì, àwọn aláṣẹ ìjọ sì kéde pé ìfijẹ náà kò dúró.

Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí gbé ń dun obìnrin jù. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó a máa ń ka Éfésù 5:22 ketekete, pé kí aya tẹríba. Ẹsẹ 21, tí ó wà lókè rẹ̀, ní kí gbogbo onígbàgbọ́ máa tẹríba fún ara wọn. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríkì tí ó pẹ́ jùlọ, ọ̀rọ̀ ìtẹríba kò tilẹ̀ sí nínú ẹsẹ 22. Láti inú ẹsẹ 21 ni a ti ń fà á wá. Ẹsẹ mẹ́ta ni ti aya. Láti 25 dé 29, ọkọ ni a ń bá wí, a sì fi ikú Kristi ṣe òṣùwọ̀n fún un.

Láàrin àwọn Yorùbá, ọkọ kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àbúrò ọkọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọkọ ni ìyàwó ń pè é. Ọmọdé tí a ti bí sí agbo ilé kí ó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, nígbà tí a bá ka ẹsẹ 22, gbogbo agbo ilé a gbà pé àwọn ni a ń wí. Pọ́ọ̀lù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ tí í ṣe ti aya náà fúnra rẹ̀ ni ó dárúkọ, ẹsẹ 31 sì mú ọkùnrin kúrò lọ́dọ̀ baba àti ìyá kí ó lè fara mọ́ aya rẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ bá kú ni èyí ń hàn gbangba. Ní àṣà àtijọ́, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Òun gan-an ni ẹbí ń ṣú. Òfin Ìgbéyàwó tí a ṣe ní Èkó ní 1884 fi opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí ipò ajogún, bí a bá ti gbé e níyàwó lábẹ́ òfin náà. Síbẹ̀ títí di òní, arákùnrin olóògbé lè wọlé wá béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá, kí ó sì wí pé ọkọ rẹ̀ ni òun. Kí opó ṣí ẹsẹ 31 fún un; ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ ńkọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, sínú àpótí tí òjò àti ikán kò lè dé.