Níbi Tí Owó Kékeré Ti Ń Ra Àjẹyó ní Ìdáàṣà

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kútọnu, tí ó kọjú sí àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó ti la Bohicon kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, tí inú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn òkè àpáta tí wọ́n yọrí gọnbọ láàrin pápá bí ẹni tí ń ṣọ́nà de àlejò. Nígbà náà ni kí ó mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Igbó Ìdáàṣà, ìlú olókè mọ́kànlélógójì, ìlú ọmọ Jagun, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. Ìlú náà tó nǹkan bí igba (200) kìlómítà sí Kútọnu. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà, tí ọ̀kan ya sí Ṣábẹ àti Parakou, tí èkejì sì ya sí Savalou títí dé Natitingou. Nítorí èyí ni ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ fi máa ń dúró ní oríta náà, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé yóò sì sáré yí wọn ká pẹ̀lú àwo lórí, èyí gbé ẹyin sísè, èyí gbé ọsàn, èyí gbé àkàrà, èyí gbé ẹran díndín.

Ọ̀pọ̀ èrò kò mọ Ìdáàṣà kọjá oríta yìí. Wọn a jẹun lórí ìdúró, wọn a sanwó láìbéèrè, awakọ̀ a fun fèrè, wọn a sì bá tiwọn lọ. Èmi kò bá wọn wí, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí oúnjẹ oríta sọ pé oúnjẹ Ìdáàṣà wọ́n. Èrò ọkọ̀ ń san owó ìkánjú mọ́ owó oúnjẹ níbẹ̀. Ẹni tí ń tajà fún èrò mọ̀ pé ojú tí òun rí lónìí, ó lè tó ọdún kan kí òun tó tún fojú kàn án, ó sì lè má jẹ́ títí láé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta oúnjẹ fún aládùúgbò mọ̀ dájú pé bí òun bá rẹ́ ẹ jẹ lónìí, kò ní yà mọ́ lọ́la, àti pé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé tí ó wà nítòsí ni yóò ti gbọ́ pé ọbẹ̀ lámọrín kò ní ẹran nínú.

Nítorí náà, ẹni tí yóò gbé ìlú náà fún ìgbà díẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí ó háyà yàrá kan, ìbáà ṣe oníṣòwò tí ń ná ọjà Glazoué tí kò jìnnà síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó tọ́ kí ó ṣe ni kí ó kẹ̀yìn sí títì ọlọ́dà, kí ó wọ inú àdúgbò lọ, síbi tí ọ̀nà ti di erùpẹ̀ pupa, tí àwọn ilé sì ti ń sún mọ́ ìdí òkè. Kò sí pátákó tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Ilé oúnjẹ níbẹ̀ kò ju páánù mẹ́rin tí a gbé lé igi, bẹ́ǹṣì méjì, tábìlì tí a fi ọ̀rá bò, àti garawa omi tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ fún ọwọ́ fífọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín wo ẹni tí ń jẹun dípò kí ó máa wo ilé. Bí ẹ bá rí alùpùpù àwọn zémidjan, àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò, tí wọ́n tò síwájú, tí ẹ rí bíríkìlà tí sìmẹ́ńtì ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ya ibẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí kò ní owó tí wọn yóò fi ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gba oúnjẹ tí kò yó ènìyàn. Bí ẹ bá sì rí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ fún ní abọ́ olómorí pé kí ó lọ ra ọbẹ̀ wá, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí tí ó ju gbogbo ẹlẹ́rìí lọ: obìnrin tí ó mọ ọbẹ̀ sè, tí ó sì tún rán ọmọ lọ ra ti ẹlòmíràn, ti jẹ́rìí sí ọwọ́ ẹni tí ó sè é. Ní tèmi, ilé oúnjẹ tí ó bá fi ọ̀dà mèremère kun ẹnu ọ̀nà, owó ọ̀dà náà wà nínú ọbẹ̀.

Kí ni a ó wá jẹ? Àwọn baba wa ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Kò sì sí ibi tí òwe náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí. Ìpínlẹ̀ tí Ìdáàṣà wà nínú rẹ̀, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yà kúrò lára Zou ní ọdún 1999 tí wọ́n sì fi òkè sọ lórúkọ, Collines, wà lára ilẹ̀ tí iṣu fẹ́ràn jù lọ láyé, ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Côte d'Ivoire tí ó sì nà dé Kamẹrúùnù, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo iṣu tí aráyé ń jẹ ti ń hù. Iṣu tí wọ́n ń fi yangàn níbẹ̀ ni laboko, iṣu àkọ́gbó tí ó funfun, tí ó rọ̀, tí kì í ní kókó nínú odó. Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ni yóò dúró yí odó kan ká, tí ọmọ odó ti èyí bá lọ sókè, ti èkejì a sọ̀ kalẹ̀, ti ẹ̀kẹta a tẹ̀ lé e, wọn kò ní kọlu ara wọn, wọn kò ní dáwọ́ dúró, ọ̀kan a sì máa fi ọwọ́ tútù yí iyán padà nígbà tí ọmọ odó kan bá lọ sókè tí èkejì kò tí ì sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí iyán a máa fà. Wọn a bù ú sínú abọ́, wọn a fi ọwọ́ olómi tọ́ ojú rẹ̀ kí ó dán, wọn a sì bu ọbẹ̀ ẹ̀pà, tàbí ti ẹ̀gúsí, tàbí ilá, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá owó lé oúnjẹ yìí ni ó tọ́ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀. Àwo kì í ní iye kan pàtó bí ti ilé ìtura. Ẹni tí yóò jẹun ni yóò sọ iye owó sẹ́fà tí ó fẹ́ ná. “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bu iyán igba (200) fún mi, kí ẹ fi wàràkàṣì ọgọ́rùn-ún (100) sí i.” Ìyá náà a dáhùn pé, “Ẹ kúu bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó,” a sì bù ú. Bí oúnjẹ ọ̀hún kò bá tó, a lè tún ra ti ọgọ́rùn-ún lé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún péré ni ó wà lápò, a kò ní lé ènìyàn kúrò. Ọgbọ́n yìí ni ó mú kí ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹni tí ń ti ọmọlanke jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n bu òkèlè nínú odó kan náà, tí owó wọn kò sì dọ́gba.

Nítorí pé owó ni a ń dá, tí a kì í dá ìwọ̀n, iyán kì í wọ́n ní Ìdáàṣà. Kíkéré ni ó máa ń kéré. Láti oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nígbà tí laboko tuntun bá jáde, tí àwọn ará Savalou sì ń ṣe ọdún iṣu wọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, iyán igba a kún abọ́, ènìyàn a jẹ ẹ́ kù. Nígbà tí ó bá fi di oṣù kẹrin tàbí karùn-ún, iṣu tí ó kù nínú abà ti ń hu ọmùnú, omi inú rẹ̀ ti gbẹ, àwọn mìíràn ti jẹrà, àgbẹ̀ sì ti kó èyí tí ó dára sápá kan láti gbìn. Igba kan náà yẹn a wá ra ìṣù tí kò pọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àlejò tí kò mọ̀ a ní ìyá olóúnjẹ ti dolójúkòkòrò. Ẹni tí ó mọ̀ a kàn yí oúnjẹ padà ni: a lọ jẹ àmàlà, tí wọ́n tún ń pè ní télíbọ̀ níbẹ̀. Inú gbódó ni ìyẹn ti ń wá, iṣu kòkòrò tí a bó, tí a bọ̀, tí a sá gbẹ, tí ó sì ń dúró di ìgbà tí laboko kò sí. Bí kò bá ṣe àmàlà, ọkà àgbàdo wà, kì í sì í kọ àkókò kankan sílẹ̀.

Ẹran ni ó máa ń ba ìṣirò jẹ́. Ọ̀yà àti àwọn ẹran ìgbẹ́ mìíràn, tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń tìtorí wọn sọ̀ kalẹ̀, ni wọ́n wọ́n jù nínú ìkòkò, ẹni tí ó bá sì nawọ́ sí wọn láìbéèrè yóò rí i pé ègé kan lè gba owó ju gbogbo iyán tí ó wà níwájú òun lọ. Wàràkàṣì, tí ọ̀pọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní wàgàṣì, ni mo ń rọ aláìlówó láti jẹ. Àwọn obìnrin Fúlàní ni ó ń ṣe é: wọn a gbé wàrà màlúù kaná, wọn a fi oje bọmubọmu sí i kí ó lè dì, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi pòròpòrò ọkà bàbà pa ẹ̀yìn rẹ̀ láró pupa kí ó lè pẹ́. Bí a bá dín in, tí a jù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kì í yọ́. A fa ọbẹ̀ mu, a sì le ní jíjẹ. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò tún ní sọ pé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran kò ládùn.

Òwúrọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ògì gbígbóná àti àkàrà wà ní orígun àdúgbò gbogbo, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, tí a bu ata díndín lé, sì ni oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ní alẹ́, kafeteríà a tan iná rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan a máa din ẹyin, a máa po kọfí mọ́ mílíìkì agolo, a máa gé búrẹ́dì. Ibẹ̀ dára fún ẹni tí ó pẹ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ, owó rẹ̀ kò kéré tó bí ó ti jọ lójú, nítorí àlìkámà búrẹ́dì náà láti òkè òkun ni ó ti ń wá. Àwọn tí ó dàgbà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí ìdajì sí ti owó Faransé, ohun tí ó ń ti òkè òkun bọ̀, ìrẹsì àti búrẹ́dì nínú wọn, ni ó kọ́kọ́ kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Iṣu tí ó ti inú oko ẹ̀bá òkè dé ìdí odó kò ní ọkọ̀ ojú omi kankan tí yóò sanwó fún. Gàrí pẹ̀lú kò jìnnà: Paouignan, tí ó wà lójú ọ̀nà kí a tó wọ Ìdáàṣà láti ìhà gúúsù, lókìkí fún un, àwọn obìnrin a sì tò ó sí ẹ̀bá títì nínú igbá àti àpò. Gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà àti omi tútù ti mú akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ dé òpin oṣù.

Àsìkò kan wà lọ́dún tí gbogbo ìmọ̀ràn yìí máa ń dojú rú díẹ̀. Láti ọdún 1954 ni àwọn ìjọ Àgùdà ti ń rìnrìn-àjò mímọ́ wá síbi ihò àpáta Arigbo, níbi ère Màríà Wúńdíá ní ìdí òkè, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Èrò a ti gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá, a ti Tógò wá, a ti Nàìjíríà wá, ilé a kún, àgbàlá a kún, àwọn kan a sì tẹ́ ẹní sí gbangba. Oúnjẹ àyíká ibi àdúrà a gbówó lórí, a kò sì lè bá àwọn tí ń tà á jà, nítorí ọjà ọjọ́ mélòó kan ni àwọn mìíràn ń retí láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é tí ó fi jẹ́ pé ìgbà iṣu tuntun ni. Ẹni tí ó bá lè rìn jìnnà sí ihò àpáta náà díẹ̀, kí ó wọ àdúgbò tí èrò kò dé, yóò tún bá iyán tí ó kún abọ́.

Ó ku ti ohun mímu. Ilé oúnjẹ tí ó bá ń ta bíà, tí ó gbé ẹ̀rọ orin sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní maquis, máa ń dá owó ìgbádùn mọ́ oúnjẹ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú owó rẹ̀, kí ó jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tán, kí ó tó lọ fi ìgò kan ṣeré níbòmíràn. Ìmọ̀ràn díẹ̀ ni ó wá kù: ẹ jẹ oúnjẹ tí ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún ọbẹ̀ tí a kò bo ìkòkò rẹ̀, bí ó ti wù kí ó rọjú tó. Ẹ béèrè iye ẹran kí ẹ tó jókòó. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, nítorí ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá (10,000) ní àárọ̀ kùtù a máa sọ oníbàárà di ẹni tí ń dúró de ṣẹ́ńjì. Kí ẹ sì tètè dé: ìyá tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn kì í sè é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bí ọ̀sán bá sì ti yẹ̀ díẹ̀, ó ti ń fọ ìkòkò.