Ẹja Ńlá Tí Àwọ̀n Kò Tíì Gbé

Ẹni tó bá dúró létí dáàmù Èkó-Èǹdé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn, kò lè fi ojú lásán mọ irú ẹja tó wà nísàlẹ̀ omi. Bí apẹja bá da àwọ̀n títí tí kò rí ẹja tó tóbi tó ènìyàn, kò ní í búra pé kò sí láyé. Ohun tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé ni pé, níbi tí àwọ̀n òun dé, kò sí irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń ṣe ní CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva, nìyẹn.

Èérún kan ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1983 ni wọ́n rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Z, níbẹ̀ kan náà. Z kò ní iná mànàmáná lára, ṣùgbọ́n ó wúwo tó ìlọ́po 97 púrótọ́ọ̀nù, iṣẹ́ alárinà ló sì ń ṣe láàárín àwọn èérún yòókù. Àbúrò tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń kọ báyìí: Z′. Agbára mẹ́rin péré la mọ̀ tó ń darí gbogbo ohun tó wà láyé àti lọ́run. Bí Z′ bá wà lóòótọ́, á jẹ́ pé ìkarùn-ún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn!

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Ihò roboto kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti Faransé, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Àwọn púrótọ́ọ̀nù ń sáré yí i ká ju ìgbà 11,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń forí gbárí. Bí Z′ bá jáde nínú ìkọlù náà, kíá ló lè pín sí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tàbí múọ́ọ̀nù méjì. Láti ara ìbejì yìí ni wọ́n á ti ṣírò ìwọ̀n ìyá wọn. Bí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹja ti kó sáwọ̀n nìyẹn.

Ní ọdún 2019, ikọ̀ ATLAS kéde ohun tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ ọdún 2015 sí 2018: bí Z′ bá jọ Z nínú ohun gbogbo àfi ìwọ̀n, á jẹ́ pé ó wúwo ju ìlọ́po 5,400 púrótọ́ọ̀nù lọ. Àwọn kan á ní owó ṣòfò. Mo mọ̀ pé CERN ni Tim Berners-Lee ti dá wẹ́ẹ̀bù tí ẹ fi ń ka ìwé yìí sílẹ̀ ní 1989, ṣùgbọ́n n kò ní í fi ìyẹn gbèjà wọn. Omi tí a ti fi àwọ̀n gbá já kì í ṣe omi àìmọ̀ mọ́. Èrè tòótọ́ nìyẹn.

Àwọn ará ilé wa náà wà nídìí rẹ̀. Ketevi Assamagan, ọmọ Tógò tó ń ṣiṣẹ́ ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, wà nínú ikọ̀ ATLAS, ó sì ti bá wọn wá ìbátan Z tó fúyẹ́ jù ú lọ. Òun wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ físíìsì ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, tó kọ́kọ́ wáyé ní Stellenbosch ní 2010, lẹ́yìn náà ní Kumasi ní 2012, tí ó sì ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì káàkiri Áfíríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, títí kan àwọn ọmọ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù.