Owó Ìtanràn Kò Pa Àmì Ẹ̀ṣẹ̀ Awakọ̀ Rẹ́

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, àti èyí tí ó gba Ìfọ́n lọ sí Benin, ni ó gbà pé ọ̀ràn ti tán nígbà tí àwọn bá ti san owó ìtanràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, a máa kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ sí orúkọ awakọ̀, yàtọ̀ sí owó tí ó san. Àìde ìgbànú ìjókòó jẹ́ àmì 2. Lílo tẹlifóònù nídìí ọkọ̀ jẹ́ 4. Ìwàkuwà jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní 16. Àmì 10 sí 14 a máa mú ìwé ìkìlọ̀ wá. Láti 15 dé 20, Àjọ a dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà kan. Bí ó bá pé 21, wọn a gbà á.

Ẹni tí a dá ìwé rẹ̀ dúró, tí ó sì tún ń kó èrò, ń fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ́fíìsì Àjọ ni kí ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbàtà inú gáréèjì.

Ewu mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò rò. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò a máa kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ó wa ọkọ̀. Nítorí náà, wọ́n lè kọ̀ láti tún ọkọ̀ ẹni tí kò ní in ṣe. Òfin ọdún 1945 ni ó ti kọ́kọ́ sọ adójútòfò nítorí ẹlòmíràn di dandan. Òfin ọdún 2025 rọ́pò rẹ̀, dandan náà sì wà síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá. Bí ọkọ̀ bá gbá ìyá arúgbó tí ń ti oko bọ̀, inú ìwé náà ni owó gbà-máà-bínú rẹ̀ wà.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba so ìwé méjèèjì pọ̀. Kí awakọ̀ kan tí a dá dúró tó gba àṣẹ rẹ̀ padà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ lè ní láti fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní SR-22 ránṣẹ́ sí ìjọba. Ó sábà máa ń tó ọdún 3. Bí owó bá já láàárín rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ìjọba létí.

Ní Nàìjíríà, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé adójútòfò wò káàkiri láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025. Ayédèrú pọ̀ lára rẹ̀. Kí onímọ́tò wádìí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà kí ó tó gbéra.