Ohun Tí Wọ́n Wá Lọ sí Sókótó

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Sókótó ní tòótọ́, tí wọ́n rí ohun tí wọ́n wá lọ, tí wọ́n sì gbé e padà sí ilé wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìtàn wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ó kan gbogbo ilé Mùsùlùmí tí ìyá bá wà.

Ìlú Sókótó wà ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí igbó ti tán, tí ọ̀dàn sì ń gbẹ lọ sí ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní oṣù kẹrin ọdún, ooru ibẹ̀ a máa kọjá ìwọ̀n 40 Celsius. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ a bo ojú ọ̀run. Muhammad Bello, ọmọ Shehu Uthman ọmọ Fodio, ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1809. Shehu fúnra rẹ̀ kó wá síbẹ̀ ní ọdún 1815. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní ọdún 1817, inú ilé rẹ̀ ni a sì sin ín sí.

Nínú ìlú yìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nana Asma'u, gbé. Ọdún 1793 ni a bí i, ìbejì sì ni òun àti Hassan arákùnrin rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Gidado, ni Wàsírì Muhammad Bello. Ilé alámọ̀ ni ilé wọn, bí ilé ìyókù ní ìlú náà. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, àwọn àlejò ìjọba ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kódà Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wọ̀ sí ilé Gidado ní ọdún 1824. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, níbi tí a ti ń dáná tí a sì ti ń tọ́ ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀ tún jẹ́. Ohun tí ó mú ilé náà yàtọ̀ nìyẹn.

Kí ni ó fa irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804 ti sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di opó, ó sì ti ká ọ̀pọ̀ mìíràn kúrò ní ìlú wọn. Wọ́n ti di Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní àlùwàlá, ìrun àti ààwẹ̀. Shehu kò fi ara mọ́ àìmọ̀ yìí. Ó ti bá àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ wí gidigidi pé wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níta, wọ́n sì fi àwọn ìyàwó ilé wọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Asma'u gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìṣòro tí ó wà níwájú rẹ̀ ni pé obìnrin tí ó ní ọmọ lẹ́yìn kò lè fi ilé sílẹ̀ kí ó rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀.

Ètò tí ó gbé kalẹ̀ ni a ń pè ní 'Yan Taru, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó ara wọn jọ. Àwọn ìyá tí wọ́n ti bímọ tán àti àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò tíì wọ ilé ọkọ a kó ara wọn jọ láti ìletò wọn, wọn a gbéra lọ sí Sókótó. Wọn a mú ẹ̀bùn dání, Asma'u a sì fi nínú rẹ̀ ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Wọn a lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ewì ẹ̀kọ́ tí ó fi èdè Hausa àti Fúlàní ṣe ni wọn a kọ́ sórí, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìwé kà náà lè gbé ewì lọ sí ilé. Ọ̀kan nínú ewì wọ̀nyí ka orúkọ àwọn súrà inú Àlùkùránì. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ìletò, obìnrin tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, tí kò lè lọ, a gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́nu wọn.

Obìnrin tí ó ń ṣáájú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní jaji. Asma'u a fún un ní akẹtẹ̀ ńlá kan, pẹ̀lú aṣọ pupa tí a ń wé mọ́ ọn. Ṣáájú ìgbà náà, irú akẹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àmì oyè Inna, olórí àwọn obìnrin tí ń bọ bori ní ilẹ̀ Gobir. Asma'u kò jó akẹtẹ̀ náà níná. Ó gbé iṣẹ́ mìíràn lé orí ẹni tí ó dé e.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè. Àwa náà ní ẹgbẹ́ Àsàlátù. A ní orin wákà tí ń gbé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. A sì ń fi Ìyá Àdínnì àti Ìyá Súnnà jẹ oyè. Lẹ́yìn ìwúyè, tí a ti jẹ tí a ti mu, obìnrin mélòó ni Ìyá Àdínnì wa ti kọ́ ní Fátíhà? Akẹtẹ̀ jaji kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́ nìkan. Ẹni tí ó bá dé e ní láti lọ, kí ó sì padà wá kọ́ni.

Ẹ̀yin baálé wa, a mọ ìbéèrè yín: bí ìyá bá lọ sí ibi ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò se oúnjẹ? Asma'u náà ro èyí. Kò tú ilé ẹnikẹ́ni ká. Àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pè. Àwa ńkọ́? Ìyá àgbà ni à ń ránṣẹ́ pè sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù kí ó wá pọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a rí, a kò rántí pé ó ní orí tí ó lè gba ìmọ̀, àti ẹnu tí ó lè fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ọ̀ranyàn sì ni Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ìmọ̀ wíwá ṣe fún gbogbo Mùsùlùmí. Kò yọ arúgbó sílẹ̀.

Ní ọdún 1864 ni Nana Asma'u kú. Ilé baba rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Shehu, ni a sin ín sí, àwọn àlejò sì ń ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ náà kò kú: Maryam, arábìnrin rẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé inú àpò ṣòkòtò ni ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà ní tòótọ́. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lè jẹ́ jaji, bí a bá jẹ́ kí ó lọ, kí ó sì bọ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó ni ìmọ̀ má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ tán ní ilé wa. Àmín.